Rósógólà Inú Agolo

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Nasrin ṣe ìgbéyàwó lánàá. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ nìyẹn, torí pé ẹ̀yin lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ ọ dàgbà nínú sọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Aṣọ pupa ló wọ̀, ó lé làálì dé ìgúnpá, ó rẹwà gan-an. Ó sunkún nígbà tí wọ́n ń mú un lọ. Èmi náà sunkún, àmọ́ kì í ṣe nítorí tirẹ̀.

Màámi, mi ò lè ṣe rósógólà náà.

Ẹ rántí pé ẹ ti ṣèlérí fún Àǹtí Salma pé ọwọ́ yín ni yóò ṣe rósógólà, nǹkan dídùn tí wọ́n ń pín níbi ìgbéyàwó, fún Nasrin ọmọ wọn. Lọ́jọ́ tí a sin yín nínú oṣù August, lẹ́yìn tí wọ́n kírun sí yín lára tán, wọ́n dì mọ́ mi ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń sunkún: "Apa mi, ta ni yóò wá ṣe é fún mi báyìí?" Apa ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ àwọn ará Bengal, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo la ẹnu mi, mo ní èmi ni màá ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Mo ń rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ sọ́ọ̀bù yẹn, ọdún tí a dé Houston. Dàbínù tí a ó fi ṣínu lẹ wá rà. Àǹtí Salma wà lẹ́yìn káńtà, wọ́n ń fún omi kúrò lára mílíìkì dídì nínú aṣọ funfun. Ẹ pariwo, "Wàrà nìyí! Wàrà Fúlàní!" Kí wọ́n tó lè béèrè ohun tí ẹ ń sọ, ẹ ti wọ ẹ̀yìn káńtà, ẹ ti gba aṣọ lọ́wọ́ wọn, ẹ ní wọn ò fún un dáadáa. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sá jáde. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ẹ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ yín ní daycare.

Ṣakí lẹ ti mọ wàrà, lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní tó wà ní gáà ẹ̀yìn ilé yín. Ṣùgbọ́n ti àwọn ará Bengal ju wàrà lọ. Wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ mú kí mílíìkì dì, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ pò ó títí yóò fi kúnná, wọ́n á ṣù ú róbótó, wọ́n á wá sè é nínú omi ṣúgà. Bó bá jáde bó ṣe yẹ, á funfun, á rọ̀ bíi kànìnkànìn. Wọn kì í fi í ṣeré. Bí ọmọ wọn bá yege ìdánwò, wọ́n á pín in káàkiri. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnìkan nílé, wọn kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ṣé ẹ rántí àwọn bàbá méjì tó máa ń jà nídìí fèrèsé lórí ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, tí wọ́n á sì máa jẹ tiyín lọ bí wọ́n ṣe ń jà? Ní ìgbéyàwó, òun ni wọ́n fi ń fi hàn pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún àna.

Mo ti wò yín láìmọye ìgbà. Ẹ ó bọ́ òrùka yín sínú ife, ẹ ó sì dákẹ́, ẹ̀yin tí ẹ kì í dákẹ́! Bí mo bá sún mọ́ yín pé kí n bá yín pò díẹ̀, ẹ ó lé mi: "Gbé ọwọ́ ẹ kúrò jọ̀ọ́. Lọ kàwé ẹ. Wàrà ò ní sá lọ." Èmi náà á lọ. Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, kódà lẹ́ẹ̀kan? Kí ló dé tí mi ò bá yín jiyàn?

Ẹ mọ̀ pé làkúrègbé ti gba ọwọ́ Àǹtí Salma láti bí ọdún méjì. Wọn ò lè pò ó mọ́. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, òfìfo ni àwo rósógólà nínú àpótí onígíláàsì wọn.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo pa kíláàsì jẹ. Wọ́n ti kọ́ wa ní Chemistry ohun tí kíkan máa ń ṣe fún mílíìkì, mo lè ya àwòrán rẹ̀ fún yín. Àkọ́sè yọ́ sínú omi ṣúgà, ó dà bí ẹ̀kọ mímu. Mo ní omi ara rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ní Ọjọ́bọ̀, mo rántí ìtàn Ṣakí yín, bí àwọn obìnrin gáà ṣe ń gbé òkúta lé wàrà kí omi rẹ̀ lè gbẹ. Mo gbé ìwé Chemistry lé e, mo tún gbé ìkòkò lé ìwé lórí. Ó dì, ó ṣeé fọ̀bẹ gé. Inú mi dùn. Àmọ́ wàrà tí wọ́n ń dín ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, àbí, Màámi? Nígbà tí ó wọ inú ṣúgà, kò wú, kò rọ̀, ó dà bíi rọ́bà. Mo tún un ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀, ibi kan náà ni mo bá a.

Ó yẹ kí n pe Àǹtí Salma. Àwọn ni wọ́n ń pè mí lójoojúmọ́.

"Ọmọ mi, báwo ni iṣẹ́?"

"Ó ń lọ dáadáa, ma."

"Kí n rán ẹnìkan wá ràn ọ́ lọ́wọ́?"

"Rárá o, ma. Ó ti fẹ́ẹ́ parí."

Kí ló ń ṣe mí? Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń dá àwọn olùkọ́ mi lóhùn ní yunifásítì, nígbà tí ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ò bá yé mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ pé mi ò lè ṣe é, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé ẹ ò fi nǹkan kan sílẹ̀ sínú mi.

Àárọ̀ Sátidé ni Àǹtí Salma dé, pẹ̀lú ọpọ́n ńlá mẹ́rin nínú mọ́tò. Wọ́n ń kọrin bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ṣílẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀. Wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fìka tẹ̀ ẹ́. Kò rọ̀.

"Gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Ẹ má bínú, ma."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi ní Ọjọ́rú? Mi ò bá ti wá ẹlòmíì."

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde. Ẹni tó kúnlẹ̀ ò lè bá mi gbé ọpọ́n."

A lọ sí ọjà àwọn ará Íńdíà, a ra rósógólà inú agolo, gbogbo èyí tó wà lórí pẹpẹ. Mo dúró sí ilé ìdáná gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, mo ń ṣí agolo, mo ń dà á sínú ọpọ́n. Etí agolo gé mi níka. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo gbọ́ ohùn àbúrò ìyá ọkọ Nasrin. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, kí àwọn ọmọ tí kò gbọ́ èdè wọn mọ́ lè bá a rẹ́rìn-ín.

"Salma! Ìwọ tí gbogbo Houston ń ra nǹkan dídùn lọ́wọ́ ẹ, agolo lo ṣí fún wa?"

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ ò rẹ́rìn-ín, ó rọra gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí Salma bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe é ti kú. Ẹ bá mi jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo di irin tí mo fi ń ṣí agolo mú. Wọ́n rí mi. Wọn ò dárúkọ mi. Ikú yín ni wọ́n fi bò mí láṣìírí, Màámi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Mo wakọ̀ wá síwájú sọ́ọ̀bù wọn lónìí. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Mò ń wò wọ́n láti ìta, wọ́n ń nu káńtà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sinmi ọwọ́. Kí ni kí n wọlé lọ sọ? Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, báwo lẹ ṣe máa ń sọ ọ́? Mi ò rí i kí nǹkan bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ rí. Àbí ẹ ò jẹ́ kí n rí i ni?

Kí Ọlọ́run fi Alùjánnà kẹ́ yín, Màámi. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe sọ ọ́ nígbà tí ẹ wà láyé lọ.

Èmi ni, ọmọ yín kan ṣoṣo, tí kò tíì lè sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.