Ọpẹ́ Tó Dé sí Ọ́fíìsì Wa

Diobu, Port Harcourt,
Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kọkànlá, 2013.

Adéyanjú, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà ilé-ìwé,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́, àbí wọ́n ṣì ń bá àtẹ̀gùn jà? Ní ọ̀dọ̀ tiwa, gbogbo wa ń mí, Kíkẹ́lọmọ ìyàwó mi sì ní kí n kí ọ. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù o, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹ̀rín la máa rín títí káàdì á fi tán, ohun tí mo fẹ́ sọ á sì há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

O mọ̀ pé iṣẹ́ sílíńdà panápaná ni mò ń ṣe, àwọn ìgò pupa tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri báǹkì. Iléeṣẹ́ wa ló ń pààrọ̀ páúdà inú wọn, tó ń fún wọn ní afẹ́fẹ́ tuntun. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa, Mr. Amadi, rán mi sí Madam Owhonda, ìyá kan tó ń ta fóòmù ní ọjà Mile 3, kí n lọ sọ iye tó máa ná an. Nígbà tí mo pe iye náà, ó káwọ́ lérí: "Chai! My brother, na fire I wan quench o, no be fire I wan buy." Mo rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹnu mi ṣe sọ ohun tí n kò rán an: "Mummy, make I come do am for you Saturday. E go cheap." Mo padà sí ọ́fíìsì, mo ní obìnrin náà kò ṣe mọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó mi ni mo fi ra páúdà, ọjọ́ ìsinmi mi ni mo fi ṣe é. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi, nítorí kò sẹ́ni tó máa fi ìgò rẹ̀ lé ọkùnrin tó wọ síngílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ẹnìkan ń júwe mi fún ẹlòmíràn, títí mo fi dé ilé alájà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Choba. Ìwọ akọ̀wé kóòtù, mo mọ̀ pé o ti ń mi orí. Mo fọwọ́ sí ìwé kan nígbà tí wọ́n gbà mí, tó ní òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ iléeṣẹ́ fún ara rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ṣé mo kà á? Bí mo ṣe ń wá iṣẹ́ nígbà náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n máa jó wọlé láràárọ̀, màá fọwọ́ sí i.

Wàyí o, lọ́sẹ̀ tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ gbiná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Madam Owhonda. Fóòmù àti iná! Ìyá náà fa sílíńdà tí mo ṣe yọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣiṣẹ́. Iná kú kó tó kan fóòmù kankan. Ó yẹ kí n jó, àbí? Ṣùgbọ́n ìyá náà ṣe ohun tí èèyàn rere máa ń ṣe. Lọ́jọ́bọ̀, ó kó àwọn obìnrin ìlà ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ru isu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, wọ́n korin wọ ọ́fíìsì wa láti wá dúpẹ́. Orúkọ iléeṣẹ́ tó wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì mi ló júwe ọ̀nà fún wọn; ní tèmi, "my brother" nìkan ni ìyá náà mọ̀ mí sí.

Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Alesa. Nígbà tí mo dé, ọ̀gá ti pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó wá pè wá jọ. Ó ní, "This woman no be our customer. Who do this work?" Kò bínú, ó kàn ń wò wá ni. Gideon tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pariwo pé, "Oga, maybe na angel!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in. Kíkẹ́lọmọ dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tèmi nílé, àwọn ọmọ jẹ ẹ́, wọ́n ń lá ìka. N kò lè fẹnu kàn án.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ nìkan ni màá pàdánù, Adéyanjú, bóyá ni màá sọ ọ́. N kò ní parọ́ fún ọ. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè jókòó ni sílíńdà kan ní Choba. Nígbà tí mo yí ìdí rẹ̀ sókè, ìpẹtà ti ń jẹ irin rẹ̀. Ní iléeṣẹ́, a kì í fún irú rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ láì kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ti omi sí i nínú, ká mọ̀ bóyá ikùn rẹ̀ á gbà á. Èyí tí kò bá gbà á lè bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Èmi kò ní ẹ̀rọ náà. Alámòójútó ilé ń kánjú, ó ní, "Oga, paint am, e don do." Mo kùn ún. Mo fún un ní afẹ́fẹ́. Mo gbé e kọ́ ilé àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Láti ọjọ́ ọpẹ́ yẹn, bí ìyá yẹn ṣe fi gbogbo ọkàn di sílíńdà tirẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ni mò ń rí ọmọ kan tó di ti Choba mú. Lánàá, mo sáré lọ síbẹ̀ kí n lè yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ti kun ògiri ilé, wọ́n sì ti gbé àwọn sílíńdà kiri. Gbogbo wọn pupa, gbogbo wọn ń dán, ọ̀dà tí mo fi kùn wọ́n kò jẹ́ kí èmi alára mọ èyí tó jẹ́. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ni òfin máa fi mí ṣe? Ṣé lílé lẹ́nu iṣẹ́ ni, àbí kóòtù? Sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí, má fi oyin pa á. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ kí n tó wọlé iṣẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n lọ́la náà ni mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá; mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ kí n má baà rí ọ̀nà padà sẹ́yìn.

Kí Ọlọ́run bá wa wo Màmá. Kí ó má jẹ́ ká fọwọ́ ara wa dá iná tí apá wa kò ní ká. Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tá a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn,
Akínwándé.

Mo tún rántí: Ọjọ́ Ajé ti dé, n kò tíì fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Kò béèrè iye tí mo jẹ níbẹ̀. Ó ní, "Which floor?" Mo ní n kò mọ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ sílẹ̀ ká tó lọ. Síngílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀ dé Choba. Ó kọ́kọ́ gbé sílíńdà tuntun sí ipò àwọn tó wà níbẹ̀, èmi sì fọwọ́ ara mi kó gbogbo tàtijọ́ sínú ọkọ̀. Wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wọ́n wò báyìí. Èmi wà níta géètì iléeṣẹ́, mo gbé ìwé lé orúnkún, mo sì ń fetí sílẹ̀ bóyá ọ̀kan á bẹ́.