Bàbá Aláàlà, Ìlà Yín Yà Níbì Kan

Bàbá wa, ọdún mẹ́fà pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà! Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà o, nítorí ọ̀rọ̀ tòní ò rọrùn fún wa láti sọ.

Ilé ti parí. Ọmọ yín kafíńtà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan òrùlé rẹ̀, ó sì fi yangàn kiri nígbà náà. Àkọ́bí yín obìnrin ló wà lórí àga yín ní ọ́fíìsì ètò ìlú, rúlà yín náà ló ń lò. Bí wọ́n ṣe ń pè yín ní Bàbá Aláàlà, òun náà ti di Ìyá Aláàlà. Inú máa ń bí i, ó ní òun ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀!

Ṣé ẹ rántí ìyà fáìlì? Kí ìlú tó lè sún ààlà rẹ̀ síwájú díẹ̀, fáìlì á wọ ọ́fíìsì méje, á lo ọdún mẹ́ta lọ́nà. Kó tó dé, àwọn èèyàn á ti kọ́lé sínú igbó, láìsí ọ̀nà, láìsí omi ẹ̀rọ. Ẹ máa ń sọ pé ìwé kan ṣoṣo ti tó, èyí tí bíríkìlà lè kà lórí ìdúró. Ó ti wà báyìí, Bàbá! Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Ṣé àgbàrá kì í dúró síbẹ̀? Ṣé omi ẹ̀rọ lè débẹ̀? Ṣé ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lè wọ ibẹ̀? Bí ibì kan bá kùnà nínú ọ̀kan, ìlú ò gbọdọ̀ gbòòrò débẹ̀. Àkọ́bí yín ló kọ ọ́.

Ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn á gbà á, àmọ́ kó kọ́kọ́ fi yẹ ààlà àtijọ́ wò. Ó tẹ́ máàpù yín sórí tábìlì. Ìlà yín ń tẹ̀ lé etí odò bọ̀ jẹ́jẹ́, àfi ibì kan tó ti yà, tó wú síta wọ ilẹ̀ àkúrọ̀ bí àtàǹpàkò. Ìpìlẹ̀ ilé kan ṣoṣo ló wà nínú ibẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fà á. Ìpìlẹ̀ ilé wa ni.

Háà, Bàbá! Ẹ̀yin!

Ilé méjìlélógún ló ti wà níbẹ̀ báyìí, torí àwọn èèyàn ní ibi tí Bàbá Aláàlà bá kọ́lé sí, ọkàn àwọn balẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àgbàrá ya wọ gbogbo ilé náà. Tiwa dé ojú fèrèsé, àpá ẹrẹ̀ ṣì wà lára ògiri pálọ̀.

Kafíńtà fárígá. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi ìlà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ta ló máa rí i? Ó ní àbí ó fẹ́ wọ́ orúkọ bàbá tó ti kú nílẹ̀ ni? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí àkọ́bí yín bá sọ̀rọ̀, ó ba orúkọ yín jẹ́. Bó bá dákẹ́, òjò tó ń bọ̀ á tún ká ìdílé méjìlélógún mọ́lé.

Ìyá wa ni wọ́n wá tú u. Wọ́n ní ká gbé máàpù náà wá, wọ́n fi ìka tẹ ibi tó yà yẹn. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kí bàbá yín ṣe é. Mo ní mi ò lè gbé ilé ẹlòmíì mọ́ láyé mi. Wọ́n kọ̀, mo sunkún, wọ́n bá fà á."

A bínú sí yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. A bínú gan-an.

Lánàá, àkọ́bí yín dúró níwájú ìgbìmọ̀. Ó ní bàbá òun ló yí ìlà náà, ilé àwọn ló sì máa kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà. Kí òjò tó dé, ìlú á fún gbogbo wa nílẹ̀ lápá òkè, lẹ́bàá ọ̀nà tuntun.

Láàárọ̀ yìí, kafíńtà wà lórí òrùlé, ó ń tú páànù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ èèkàn pupa tí ẹ fi ń sàmì ààlà, èyí tó kẹ́yìn nínú báàgì iṣẹ́ yín, ló tó sọ̀kalẹ̀, ó bá a dì í mú. Ìyá ni wọ́n fi òòlù gbá a wọlẹ̀, síwájú ilẹ̀kùn wa gan-an, níbi tí ààlà ìlú máa parí sí báyìí.

Àárò yín ń sọ wá, Bàbá Aláàlà. A fẹ́ràn yín, tẹ̀yin tìlà yín tó yà.