Ohun Tí Kírítíkà Túmọ̀ Sí

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ ní kí n ṣàlàyé “kírítíkà” tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún yín lórí fóònù. Ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́ jàre! Gẹ̀ẹ́sì ni, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, tí ibi tó máa já sí kò sì tíì hàn, ni wọ́n ń lò ó.

Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń gbálẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá ti pe aláìsàn kan bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máa ń yí bàtà onítọ̀hún kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kó má baà máa wá bàtà kiri tó bá fẹ́ lọ. Ẹ̀rín ni mo fi rín nígbà yẹn.

Wọ́n ti fún mi ní bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ báyìí, kí n kàn sinmi díẹ̀. Ara mi le o.

Láàárọ̀ yìí, bàtà mi ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ dípò mi ní òun ò fọwọ́ kàn án. Ó bá mi yí i padà. Nígbà tí mo tún máa wolẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà ló kọjú sí.

Ẹ bá mi kí bọ̀dá mi àtàwọn ọmọ wọn. Bàtà mi àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín, Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i kọjú sínú ilé.