Jíìpù Bàbá Awọnlẹ̀

                                        Yàrá Kejì, Ilé Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtọ́jú Ẹran.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọn á ti máa tú ilé ká. Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń sùn sórí àga kí wọ́n tó ní àwọn ò sùn? Èmi náà wà. Ara le, oúnjẹ ń lọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí o bá bi mí pé ṣé inú mi dùn, màá ní kí o jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ míì.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá síbi yìí, èmi nìkan ni mò ń gbé. Bí iṣẹ́ bá ti parí, oníkálùkù á gba ilé rẹ̀ lọ bá àwọn tirẹ̀, èmi á tan rédíò kí ohùn ènìyàn lè wà nínú yàrá. Ọjọ́ míì wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé ó dàárọ̀, n kò ní la ẹnu mi mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìròyìn tó wà lọ́wọ́ mi ni pé mo ti ra ọkọ̀. Má tíì pariwo o! Kì í ṣe irú èyí tó ń dán gbinrin tí a máa ń fi lá àlá nígbà tí a wà nílé ìwé. Jíìpù àtijọ́ ni, ó ga fíofío, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ wa. Ọ̀nà oko àwọn olùsìn màlúù ló mú mi rà á. Alùpùpù ti gbé mi dà sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé abo màlúù kan ń rọbí, ọmọ ò sì jáde. Kí n tó fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, màlúù ti kú tọmọtọmọ. Ọkùnrin tó ni ín kò bú mi. Ó ní kí n jókòó, ó ní mo ṣeun tí mo wá. Ọ̀rẹ́ mi, ìbá sàn kó bú mi.

Awakọ̀ ọ́fíìsì wa ló júwe ọkọ̀ yìí fún mi. Má-fọwọ́-kàn-án là ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní bàbá kan wà lẹ́yìn ilé ìlagi, Bàbá Awọnlẹ̀, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ó ti kọ “títà” sára gíláàsì jíìpù rẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ẹni tó bá lọ ná an, òfo ló máa ń bá bọ̀. Má-fọwọ́-kàn-án ní bàbá náà láhun ni.

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ lọ ní Sátidé. Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, bàtà rẹ̀ nìkan là ń rí. Nígbà tó jáde, ó ń nu ọwọ́, ó sì fajú ro bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀.

“Dókítà, irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà lápá ẹ̀yìn. Ọ́ìlì ń jò níbi jíà. Ọ̀pá kékeré tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà, ó ti gan.”

“Kò gan,” ni Bàbá dáhùn. “Ó ń bínú ni. Ó pẹ́ tí n ò ti mú un jáde.”

Bàbá bá ní ká wọlé sínú ọkọ̀. Ó wà wá lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé ìlagi, níbi tí òjò ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọ̀pá yẹn, ọ̀pá wọlé, jíìpù náà sì gun òkè bí ewúrẹ́. Ọkàn mi ti rà á níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo le ojú. Mo pe ìdajì iye tó ní òun máa tà á.

Bàbá di àyà mú. “Dókítà, ṣé ẹran lo wá ná ni?”

Mo ní ìpẹtà ńkọ́? Ó ní táyà tuntun ńkọ́? Mo ní ilẹ̀kùn tó tẹ̀ wọnú ńkọ́? Ó ní ìyàwó òun ló fi kọ lu òpó géètì nígbà tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Wọ́n fẹ́ lù ú padà, ìyàwó ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé òun ti buwọ́ lu ọkọ̀ náà nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. A ò fẹnu kò. Ó ní kí n padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, bóyá n ó ti lọ́gbọ́n nígbà yẹn.

Èmi nìkan ni mo padà lọ, mo sì ń lọ bẹ́ẹ̀ ní Sátidé-Sátidé. Òun á já díẹ̀, èmi á fi díẹ̀ kún un, a ó wá jókòó mu tíì bí ẹni pé iṣẹ́ ńlá la ṣe. Ó sọ nípa àwọn igbó tó wọ̀n fún mi, mo sọ nípa rẹ fún un. Kí n má parọ́ fún ọ, owó ti pé nínú báàgì mi tipẹ́. N kò kàn mú un jáde ni.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ pè é láti ìlú tó ń gbé. Etí Bàbá ti wúwo díẹ̀, nítorí náà fóònù rẹ̀ máa ń ké síta, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ ò tíì ta ọkọ̀ yẹn ni? Ẹ ní tí ẹ bá ti tà á lẹ máa wá máa bá wa gbé. A ti tún yàrá yín ṣe o.”

“Àwọn tó ń wá ò rówó gidi gbé wá,” ni Bàbá sọ. Kò wo ojú mi.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ahun kọ́ ló ń lé àwọn oníbàárà lọ; ọjọ́ tó bá ta ọkọ̀ ni yóò fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

A ò tíì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tí oníṣòwò pákó kan fi wọlé, tòun ti owó lọ́wọ́. Ó ní iye tí Bàbá kọ́kọ́ pè lòun máa san, òun ò ná an. Mo dìde. Bàbá wo ọkùnrin náà, ó wo jíìpù, ó ní, “Ẹ má bínú. Mo ti tà á. Dókítà yìí ló ni ín.”

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, mo ní, “Bàbá, a ò tíì fẹnu kò.”

“Iye tí o pè kẹ́yìn, mú un wá. Màlúù míì á kú bí a bá ń bá eré yìí lọ.”

Mo ní ẹ lè gbowó kí ẹ má sì lọ. Ó mi orí. “Ọmọ mi kì í ṣe ọmọ burúkú. Ilé yìí ló dákẹ́ jù. Mo ti ń kí ẹ̀rọ amómitutù pé ó kú iṣẹ́.” Mo sanwó.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n tún pè mí síbi tí màlúù kan ti ń rọbí. Jíìpù gbé mi débẹ̀ lásìkò. Ọmọ màlúù dìde lójú mi, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó ṣubú, ó tún dìde. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo wà á lọ tààrà láti lọ sọ fún un, ó sì ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi jíìpù gbé Bàbá lọ sí ibùdókọ̀ kó lè lọ bá ọmọ rẹ̀, àpò méjì péré ló kó. Ìdí ilẹ̀kùn awakọ̀ ló kọ́kọ́ lọ, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, kó tó yípo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò dákẹ́ títí a fi dé: “Já jíà wálẹ̀. Kòtò wà lẹ́yìn kọ́nà yẹn, gba apá òsì.” Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fọwọ́ lu bónẹ́ẹ̀tì pẹ́pẹ́, ó wọlé. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo dé ibi kòtò yẹn, mo gba apá òsì, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, “Mo ti rí i, Bàbá.” Ọ̀rẹ́ mi, èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀.

Òní ni Sátidé. Mo ti fọ jíìpù náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì tíì ju ọ̀sán lọ. Ìdí tí ìwé yìí fi gùn tó báyìí nìyẹn.

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì, kí o bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá. Fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Kò sí ọ̀nà tó lè dẹ́rù ba ọkọ̀ mi báyìí. Ṣáà sọ ọjọ́ tí ẹ máa wà nílé fún mi. Bí o bá sì ń fèsì, jọ̀ọ́, má kọ ọ́ ní ṣókí. Bó jẹ́ àwo tí àwọn ìbejì fọ́ nìkan lo rí sọ, sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tìrẹ ni mí láìyẹ̀,
Òpéléńgé rẹ.