Má Fọ Aṣọ Inú Garawa Yẹn

Wàhábì, èmi ìyá rẹ ń gbé Àrínọlá ìyàwó rẹ lọ sí ọsibítù. Mo pè ọ́ títí, fóònù rẹ ò wọlé lóko. Ọmọ wà lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ.

Ọjọ́ kẹwàá rè é tó bímọ. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ti ń dínkù, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí, bí nọ́ọ̀sì ṣe ní yóò máa ṣe. Àfi láàárọ̀ yìí tó padà di pupa fòò, tó ń dì jáde bí ẹyin adìẹ. Kí omi tí mo gbé kaná tó hó, aṣọ méjì ti rin gbindingbindin.

Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ìyá, aṣọ mélòó ló ń rin lójúmọ́?" Ìdájí ni mo máa ń fọ̀ wọ́n, torí nílé wa, ọkùnrin kì í rí ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ. Mi ò kà wọ́n rí. Ó ní kí a kó ti òní wá, kí òun fojú ara òun rí i.

Ọ̀kadà ti dé. Ọwọ́ méjèèjì ni màá fi di ìyàwó rẹ mú, nítorí náà ìwọ ni wàá gbé garawa tí mo kó wọn sí lẹ́yìn balùwẹ̀ wá. Ṣí i, wò ó dáadáa, má tijú. Má da omi sí i o.

Bó bá pọ̀ ju bí mo ṣe kọ ọ́ síbí lọ, nọ́ọ̀sì ni kí o sọ fún. Má sọ fún èmi tí mo ti ń fọ̀ wọ́n láìkà.