Ìdí Ló Ń Dùn Mí, Iwájú Ni Dókítà Fẹ́ Gé

Ọmọ mi àtàtà,

Kí n tó kí ọ rárá, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti oṣù méjì: kì í ṣe dókítà ló sún iṣẹ́ abẹ mi síwájú, èmi ni mo sá. Má bínú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o sá fún ohun tó máa ṣe ọ́ lóore. Ìyá rẹ wà dáadáa, ẹnu rẹ̀ náà sì wà dáadáa. Ó ní òun ò rí àgbàlagbà tó fi ẹsẹ̀ kan sáré bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ rí.

Ṣùgbọ́n gbọ́ tẹnu mi ná. Làkúrègbé ti jẹ oríkèé ìbàdí mi tán, mi ò lè fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́, òkìtì sòkòtò àwọn oníbàárà ti ga dé fèrèsé. Ìdí ló ń dùn mí. Dókítà, ọmọdé tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún, wá ní iwájú itan lòun máa gbà wọlé láti fi irin pààrọ̀ oríkèé náà. Iwájú kẹ̀! Bí ìdí sòkòtò bá ya, ṣé ibi síìpù ni mo ti ń tún un rán? Mo bi í bóyá màá máa da epo ẹ̀rọ sí irin náà, ó rẹ́rìn-ín! Ó tún ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Nǹkan wo? Mo kọ orúkọ rẹ, mo sì wọ bàtà mi.

Òní ni nọ́ọ̀sì wọn gbé yunifọ́ọ̀mù wá kí n bá òun dín in kù, mo bá da gbogbo ìbínú mi lé e lórí. Ó ní, Bàbá Télọ̀, bí ẹ bá fẹ́ tú aṣọ, ṣé ẹ máa ń gé e ni àbí ojú rírán lẹ máa ń wá? Ó ní bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn, wọ́n lè gé iṣan kí wọ́n tún rán an padà. Níwájú, àlàfo wà láàárín iṣan, wọ́n á kàn yà á sọ́tùn-ún sósì ni. Kí ló dé tí dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀? Àbí ó sọ ọ́, tí èmi tí mo ka ìwé girama ò gbọ́? Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti owó ọ̀pá tí màá fi kọ́ ìrìn. Kí ayé gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Lọ́la, kí ìyá rẹ tó jí, màá padà lọ bẹ ọmọdé dókítà náà, màá buwọ́ lùwé, màá na ẹ̀yìn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, màá sì gbé iwájú fún un.

Bàbá rẹ ni.