Bàbá Fáìzàh Rí Mi Lẹ́nu Iṣẹ́

Màámi,

Mo kí yín láti Kánádà. Ara mi le, òtútù ò pọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ, mo sì ń jẹun dáadáa.

Ẹ rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà l'Óṣogbo, tí àwa obìnrin tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Fáìzàh ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀, jórinjórin kan, fẹ́ kó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ní ta ni yóò gba obìnrin sídìí ẹ̀rọ. Mo ní kó gbé fóònù fún wọn, mo sì fi ẹ̀rọ ńlá tó ń fa omi fún ìlú yìí hàn wọ́n lórí fídíò.

"Ìwọ lò ń tún èyí ṣe?"

"Èmi ni, sà."

"Obìnrin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ṣì ni, sà. Fáìzàh la ń retí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó káre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Á parí ẹ̀kọ́ ẹ̀, ìn ṣáà Allah."

Màámi, orí mi wú.

Ẹ má retí mi ní Kérésì, iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ bá mi kí àbúrò mi Akíndélé àti àwọn ìyá ìjọ. Ẹ ní ọmọ yín ń ṣe dáadáa.

Èmi ni,
Ìmísíolúwa